Fáànù Tí Kò Jẹ́ Kí N Lọ Iléyá

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí ní Accra ni aláta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Kaneshie, mo gbé báàgì lérí, mo ń wá trọ́trọ́, ọkọ̀ akérò wọn, tó ń lọ sí Mamobi, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé Alata kan rèé. Inú bí mi. N kò ta ata rí láyé mi. Iṣẹ́ éèsì ọkọ̀ ni mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di ọjọ́ kejì kí Àlùfáà, bàbá onílé tí mo wọ̀ sí lọ́dọ̀, tó là mí lọ́yẹ̀ pé orúkọ tí wọ́n fún gbogbo Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní bí mo bá gbọ́ Anago, kí n dáhùn, èmi náà ni. Bàbá tó bí bàbá tiwọn, ọmọ kéwú ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́, wọn kò mọ ìyàtọ̀ rodo sí tàtàṣé, síbẹ̀ Aláta ni wọ́n jẹ́ wọ ibojì.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ará ìlú náà ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Mepa wo kyɛw” ló ń ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀, ìyẹn ni “ẹ jọ̀ọ́” tiwọn. Wọn a bẹ̀ ọ́ kí wọ́n tó ta ọjà fún ọ, wọn a sì tún bẹ̀ ọ́ kí wọ́n tó sọ fún ọ pé ọjà ti tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ná kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn, pẹ̀lú ohùn tí mo gbé ti ilé wá, obìnrin tó ń tà á rò pé ìjà ni mo bá wá. Ó kúkú fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ kí n lè máa lọ.

Ìdí iṣẹ́ ni ara ti kọ́kọ́ rọ̀ mí díẹ̀. Ará Ga kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Master fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní tòsí Kaneshie. Àwọn oníbàárà a dé, wọn a kí mi dáadáa, wọn a wá máa wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ti ń bọ̀. N kì í bá wọn jà. Mo kàn máa ń tú bọ́ǹtì lọ ní tèmi. Ọjọ́ tí awakọ̀ takisí kan padà wá, tó béèrè Sista Éèsì, tí kò wo ẹ̀yìn mi rárá, mo ra wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn, ẹlẹ́yin méjì fún ara mi, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó gba oyè.

Ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé Mamobi, ilé a tún dá. Kì í ṣe pé kò sí ènìyàn. Àwọn ọmọ-ọmọ Àlùfáà pọ̀ nínú àgbàlá bí ẹyẹ ẹ̀ga. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọn kàn kì í sọ ọ́ ni. N ó bá wọn sọ Yorùbá, wọn ó fi Haúsá dá mi lóhùn, wọn ó wá fi Twi bá ara wọn jà lórí ohun tí mo sọ. Nígbà míì, bí mo bá ń se ọbẹ̀, mo máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, kí etí mi má baà gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ní: kí ni mo jẹ, ta ni mo rí, ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Mo ti ṣèlérí Iléyá fún wọn. Mo ti ń ronú pé bí mo bá lọ, ó lè má sí ìdí tí n ó fi padà.

Àkókò yẹn ni Papa Ato gbé ọkọ̀ wọn dé ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá àgbàlagbà kan ni, ará Fante, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n béèrè pé kí ló jábọ́. N kò tíì mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé, ni èmi náà bá ń bá wọn wá a. Master rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Éèsì ọkọ̀ wọn ló ń fẹ́ ooru. Mo tú bùlówà rẹ̀ jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, fáànù ni, àmọ́ kò ní apá gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti fáànù ilé. Ó rí bí agbọ̀n kékeré tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ó ń fa atẹ́gùn gba inú, ó ń tì í jáde gba ẹ̀gbẹ́. Papa Ato gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka yí i, wọ́n sì gbàgbé ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá. Wọ́n béèrè pé bí wọ́n bá fi nǹkan tó nípọn dí i lẹ́nu, ṣé á ṣì lè ti atẹ́gùn kọjá. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá sí ilé àwọn ní Dansoman lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, pé ẹ́ńjìnnì kan ń bẹ níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná jù.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo rò pé wọ́n ní lọ́kàn. Mo dé Dansoman, mo wọ àgbàlá, mo bá bààlúù níbẹ̀.

Bààlúù gidi ni. Ó funfun, ó rí róbótó, àyè ènìyàn méjì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ibòji máńgòrò ló dúró sí, aṣọ tí wọ́n fọ̀ sì wà lórí apá rẹ̀ kan, ó ń gbẹ. Papa Ato ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn án, láti ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Auntie Efua, ìyàwó wọn, búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe tà. Wọ́n mú omi wá fún mi, wọ́n na ọwọ́ sí bààlúù náà, wọ́n ní, “Orogún mi nìyẹn. Ibi tí ó jókòó sí yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kí ààrò mi wà.”

Ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀. Èyí tí a mọ̀ ní irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò. Èyí kò ní. Irin onígun mẹ́ta kan ló ń yí po nínú ikùn rẹ̀ bí orógùn nínú ìkòkò ọkà. Rótárì ni wọ́n ń pè é. Inú ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ kan ni Papa Ato ti rí i, láàrin àwọn àlòkù tó ti òkè òkun wá. Ó kéré, ó fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ ó ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí bààlúù bá ti wà lókè, kò sí wàhálà, atẹ́gùn á máa rọ́ wọ rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Bó bá dúró lójú oòrùn, tó ń dúró de àyè láti gbéra, abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ kò lè fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ tó dé ibi tí rédíétọ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ ní fáànù tirẹ̀.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní bààlúù wíwà ní pápá kan lọ́nà Akosombo ti gbà láti fò ó fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní wọ inú rẹ̀ àfi bí ẹ́ńjìnnì náà bá lè dúró ní oòrùn ọ̀sán gangan, kó máa ṣiṣẹ́, kí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru má sì kan ibi pupa. Bí ó bá kan ibi pupa pẹ́, ara ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, kò sì sí òmíràn níbì kankan tí Papa Ato ti lè rí irú rẹ̀. Wọn kò sọ fún mi pé ọjọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń di ògiri mú kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé wọn.

Mo ní kò le. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo lọ sí Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo sì ṣa fáànù jíìpù ńlá kan tó fẹ̀ bí atẹ ọjà. Nígbà tí a tàn án nínú àgbàlá láti dán an wò, ó fẹ́ gèlè mi kọjá ògiri sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ó sì da ìyẹ̀fun sí Auntie Efua lójú. Èmi àti Papa Ato pàtẹ́wọ́. A fi okùn so ìdí bààlúù mọ́ igi máńgòrò, a ti ilẹ̀kùn géètì kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé, a de fáànù mọ́ ẹ̀yìn rédíétọ̀, a sì tan ẹ́ńjìnnì. Gbogbo àdúgbò mì. Obìnrin kan yọjú lórí ògiri pẹ̀lú gèlè mi lọ́wọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yìí ń lọ àgbàdo.

Abẹ́rẹ́ ooru gbéra, kò sì dúró. Papa Ato pa ẹ́ńjìnnì kó tó dé ibi pupa. Mo so àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú rédíétọ̀, a tún tan fáànù nìkan, a ń wò ó. Àkísà náà kò mì. Atẹ́gùn dé ẹnu rédíétọ̀, ó rí i pé ó nípọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ padà síta. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan nílé tó rí bẹ́ẹ̀: níbi ìkómọ, kò sí ohun tí kò ní ṣe fún ọ, o bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọn á ní ó ti jáde.

Bí mo ṣe wá rántí bùlówà nìyẹn, ohun tí bàbá náà tìtorí rẹ̀ pè mí tẹ́lẹ̀. Mo wá gbé bùlówà ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá wá. Èyí fẹ́ ẹ. Àkísà náà nà gbọọrọ, abẹ́rẹ́ sì fara balẹ̀. Inú mi dùn títí Papa Ato fi gbé e sórí ìwọ̀n ìyẹ̀fun Auntie Efua, tí ọwọ́ ìwọ̀n sì yí po, tó lọ kọlu òpin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti mu bátìrì gbẹ. Nígbà tí a fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì tàn, kò dá wa lóhùn mọ́. Mo ní kí wọ́n ra bátìrì tó tóbi sí i. Wọ́n ní ìwúwo kún ìwúwo nìyẹn. Mo ní ohun tó bá ṣiṣẹ́ ló ṣiṣẹ́.

“Ilẹ̀ nìkan ni ìwọ ń rò,” ni Papa Ato wí.

“Òkè nìkan ni ẹ̀yin náà ń rò,” ni mo dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni yóò ti gbéra.”

Wọ́n padà sábẹ́ bààlúù. Èmi náà kó irinṣẹ́ mi, mo wọ trọ́trọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, n kò lọ. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní Mamobi, mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí ìyá mi pè, wọ́n béèrè ìgbà wo ni mò ń bọ̀, nítorí Iléyá ti súnmọ́. Ó yẹ kí n ní mò ń bọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé n kò tíì rí fáànù tó yẹ.

“Fáànù?” ni ìyá mi wí. “Fáànù ni kò jẹ́ kí o wálé wá jẹran?”

“Ti bààlúù ni, Ìyá mi.”

Wọ́n ní, “Ṣé ojú ọ̀run gbóná ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí ara mi fi balẹ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí irin onígun mẹ́ta dé orí ìjà. Wọ́n ní kí n lọ bẹ bàbá náà, pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tí yóò fò, ó yẹ kó ní oríkunkun díẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé pé èmi ni mò ń ṣe bààlúù ní Ghana. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè láti béèrè bóyá ó lè gba àpò èlùbọ́ kan.

Auntie Efua ló kọ́kọ́ wá. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n sì ní kí n má tún pa ọjọ́ Àìkú jẹ mọ́. “O fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjèèjì,” ni wọ́n wí. “Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀, èkejì kò kúrò lábẹ́ rẹ̀.”

Bùlówà takisí kékeré kan wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fúyẹ́ bí àgbọn tí wọ́n ti mu omi rẹ̀. Mo ronú pé kí ló dé tí a fi ń wá ẹyọ kan tó lágbára. Kí ló dé tí kì í ṣe kékeré méjì, tí bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á máa ṣe é lọ? Kí a sì fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àpótí yí wọn ká, kí atẹ́gùn má rí ẹ̀gbẹ́ sá gbà. Mo bá Auntie Efua lọ sí Dansoman nígbà náà gan-an, mo sì gbé e fún Papa Ato láìkí wọn tán. Wọ́n ní àwọn náà ti ń ronú. Bí bààlúù bá wà lókè, tí bùlówà kò ṣiṣẹ́, bùlówà ọ̀hún náà á di ìdènà fún atẹ́gùn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀kùn kan wà tí omi ń tì ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà: ní ilẹ̀, á padé, lókè, atẹ́gùn á tì í ṣí. N kò ronú débẹ̀ rí. Wọn kò ronú dé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré méjì. A wo ara wa, kò sì sí ẹni tó bẹ ẹnìkejì mọ́.

Iléyá bá wa lẹ́nu páànù gígé. Mo ṣe é ní Mamobi. Àlùfáà pa àgbò, Papa Ato àti Auntie Efua wá láti Dansoman, wọ́n gbé búrẹ́dì tó pọ̀ wá. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Àlùfáà lóbìnrin, jókòó tì mí. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọdébìnrin ni àwọn nígbà tí ìjọba Ghana sọ pé kí àwọn àjèjì máa lọ. Wọ́n kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọn kò dé rí. Níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n ní ará Ghana, wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, bàbá wọn kó gbogbo wọn padà sí Mamobi. Mo béèrè èwo ni ilé nínú méjèèjì. Ìyá Àgbà gé ẹran sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, “Èyí tí wọ́n ti ń béèrè mi bí n kò bá sí níbẹ̀ ni.” Mo ti ń da ọ̀rọ̀ náà rò láti ìgbà náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi ń béèrè mi. Ní Dansoman, bí mo bá pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ, wọ́n ń gbé búrẹ́dì wá mi kiri. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ní ju ẹyọ kan lọ, bí ìyẹn kò bá tilẹ̀ rọrùn.

Nígbà tí a kan àpótí náà tán ní Dansoman, a tan ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sán gangan, lójú oòrùn tó lè dín ẹyin. Bùlówà méjèèjì ń kùn nínú àpótí wọn, àkísà nà gbọọrọ. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó rò ó wò, ó sì dúró. A dúró tì í títí òógùn fi bo gbogbo wa, kò kúrò lójú kan. Papa Ato gbé àpótí náà, bùlówà àti gbogbo rẹ̀, sórí ìwọ̀n ìyẹ̀fun kí a tó dè é padà gbọin. Wọn kò sọ iye tó jẹ́. Wọ́n kàn fẹnu ko ìwọ̀n náà lẹ́nu.

Ọjọ́ tí a gbé e dé pápá lọ́nà Akosombo, obìnrin awakọ̀ òfurufú náà yí i ká léraléra, ó fọwọ́ kan gbogbo bọ́ǹtì, ó béèrè ìbéèrè títí ó fi sú mi. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wà á lọ sí ìpẹ̀kun koríko. Bààlúù mìíràn ń bọ̀ wá balẹ̀, ó di dandan kó dúró dè é. Kò sí ibòji níbẹ̀. Auntie Efua dijú. Papa Ato di apá mi mú, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn dì í le. Ìdúró náà pẹ́ lójú mi ju gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Accra lọ. Ìgbà tó yá, ọ̀nà ṣí, ó sáré, koríko tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrò nílẹ̀.

Gbogbo ènìyàn gbójú sókè. Ó yí òkè ibẹ̀ ká, ó kéré bí àdàbà, ó sì padà wá balẹ̀ pẹ̀lú ìfò kan, lẹ́yìn náà jẹ́jẹ́. Obìnrin náà wà á padà sọ́dọ̀ wa, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì pa á. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ bojú wo ibi pupa.

Papa Ato kò lè rìn lọ bá a. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá wọn fọwọ́ kan àwọn bùlówà náà, bóyá wọ́n ṣe làálàá jù. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbòrí, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀kan, mo gbé e lé èkejì. Papa Ato béèrè láti ọ̀nà jíjìn pé báwo ni wọ́n ṣe rí. N kò wá Twi, n kò wá òyìnbó. Yorùbá ló jáde.

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́,” ni mo wí, “bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.”

Wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n mi orí, wọ́n sì rọra jókòó sórí koríko.